Ariwo Tó Ń Dákẹ́ Bí Ẹ́ńjìnnì Bá Ti Gbóná

Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi,

Ẹ̀rù jíìpù yín ń bà mí. Jẹ́ kí n sọ ìyẹn jáde ná kí n tó kí ọ, torí bí mo bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọ, màá kí ọ títí ni, ohun tó ń dùn mí á sì tún padà sínú. Mi ò fẹ́ kí o gbé àwọn ọmọ wọ inú ọkọ̀ yẹn lọ sí Ìlọrin ní Sátidé. Ariwo tó ń dún nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tíì lọ. Mo mọ̀ pé a ti dúpẹ́ lórí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà sì wà lára àwọn tó jó. Kò tíì lọ.

Ó dáa. Báwo lo ṣe wà, Àbẹ̀kẹ́? Ṣé ẹ ti ń di ẹrù? Ìyá rẹ ní kí o má kó ìkòkò ńlá òun mọ́ tìrẹ o. Inú mi dùn sí iṣẹ́ tuntun tó ń gbé ọ lọ sí Ìlọrin yìí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe olùtọ́jú ilé-ẹrù ní ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì ní Ìkẹjà, ẹlòmíràn ló ń fọwọ́ sí ẹrù tí mo bá kà. Ìwọ ni ẹlòmíràn máa kà fún, ìwọ lo máa fọwọ́ sí i. Nígbà tí o sọ fún mi, mo jáde lọ sí iwájú ilé láti lọ ra búrẹ́dì, mo sì padà wálé láìra búrẹ́dì, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ni mo ń sọ fún.

Wàá béèrè ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́, inú ọkọ̀ lo máa ń wà, ohùn mi á ti jáde sí gbangba, Dàpọ̀ á ní, "Ẹ káàsán sà, Dádì," èmi náà á ní, "Ọkọ Fúnmi, ẹ kú ìrìn," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Mi ò lè máa bú ọkọ̀ ènìyàn nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ rẹ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó wá ọkọ̀ ńlá tó lágbára kí ẹ̀yin lè máa rìn láìséwu, ó sì ń nu ún bí ìgbà tí wọ́n bá ń nu ọmọ tuntun. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún mi láti sọ lójú rẹ̀.

Jẹ́ kí n tò ó bí mo ṣe rí i. Ìwọ náà rántí Sọ́ńdè tí ẹ kọ́kọ́ gbé e wá. A wà nínú ìsìn láti àárọ̀ títí oòrùn fi kọjá àtàrí, jíìpù sì wà lábẹ́ igi máńgòrò ní gbogbo àkókò yẹn. Nígbà tí Dàpọ̀ ṣíná sí i, ohun tí a gbọ́ ni tá, tá, tá, tá, bí ẹni ń fi ṣíbí kan etí àwo. Bó bá sì tẹ iná mọ́ ọn, á yára sí i. Wòlíì gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n bọ́ sílẹ̀ wá pẹ̀lú agogo àti omi. Dàpọ̀ fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì kí àdúrà lè já geere. Wòlíì ní, "Má pa á. Jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, kó gbọ́ ohun tí à ń bá a sọ." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. A kọ orin kan, a ka sáàmù, a tún kọrin. Nínú sáàmù ni ariwo náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Kí orin kejì tó tán, ó ti dákẹ́ pátápátá. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ ké halelúyà, èmi ni mo tẹ̀lé e.

Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, ọkọ rẹ bọ́ síwájú, ó jẹ́rìí. Ó sọ ọ́ dáadáa, ó tilẹ̀ fi ẹnu ṣe ariwo náà fún ìjọ, tí gbogbo àwọn ọmọdé fi ń ṣe tá, tá, tá káàkiri ọgbà lẹ́yìn ìsìn.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó tún dún nílé yín ní Ọmọlé. O pè mí, o ti rẹ ohùn sílẹ̀. O ní Ìyá Ṣeun, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, sùn sílé yín, òun ló sì kọ́kọ́ jókòó síwájú láàárọ̀ ọjọ́ náà. O ní, "Dádì, mi ò sọ nǹkan kan o. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni." Àbẹ̀kẹ́, o sọ nǹkan. Màá padà sórí ìyẹn.

Mẹkáníìkì ìtòsí yín ní tápẹ́ẹ̀tì, irin kékeré inú ẹ́ńjìnnì, ló ń dún, ó ní àfi kí òun sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Ìyẹn lẹ fi gbé e wá fún Múdà níhìn-ín ní Dọ́pẹmu, ẹni tó ń tún ọkọ̀ mi ṣe kí n tó tà á. Múdà fa géèjì ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì kún, ó sì mọ́. Ó fi ẹnu sùkúrúdíráfà gígùn lé ara ẹ́ńjìnnì, ó gbé etí lé ìdí rẹ̀, ó ń sún un láti ibì kan dé ibòmíràn. Ó ní, "Baba, ọkọ̀ yìí ń mí bí ọmọ tó yó. Kí lẹ fẹ́ kí n tú níbẹ̀?" Òótọ́ ló sọ. Kò sí ariwo kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wa tí a dúró yí ọkọ̀ náà ká, kò sẹ́ni tó rò ó pé láti Ọmọlé dé Dọ́pẹmu, pẹ̀lú bí ọ̀nà ṣe máa ń rí, ẹ́ńjìnnì náà ti gbóná dénú.

Sọ́ńdè tó kọjá yìí ni ojú mi wá là. Ẹ fi jíìpù àti àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ wọ ọkọ̀ èrò lọ wo ilé tuntun yín. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọkọ̀ tó ń gbé omi wá fún wa fẹ́ wọ ọgbà, mo bá mú kọ́kọ́rọ́ kí n lè sún jíìpù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ṣíná sí i. Tá, tá, tá. Àyà mi já. Mo rò pé èmi ni mo bà á jẹ́. Mo jókòó sínú rẹ̀, pákò lẹ́nu mi, mi ò gbàdúrà, mi ò kọrin, mo kàn ń wá ọ̀nà tí màá gbà sọ ọ́ fún Dàpọ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí ariwo náà fi rẹlẹ̀, tó rẹlẹ̀, tó sì dákẹ́ fúnra rẹ̀.

Mo pa á, mo tún tan án lójú ẹsẹ̀. Kò dún. Mo fi í sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, mo tún tan án. Ó dún, ó sì tún dákẹ́. Ìyá rẹ yọjú láti ilé ìdáná, ó ní, "Bàbá Fúnmi, kí lẹ ń wá nínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ láti àárọ̀?" Mo ní mò ń tẹ́tí sí i. Ó ní, "Ṣé ó ń bá yín sọ̀rọ̀ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo lọ bẹ Múdà pé kó wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Ó wá. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n ṣíná. Bó ṣe ń dún, ó na ọwọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì níbi tí páìpù èéfín ti so mọ́ ọn, ó ní kí n wá na ọwọ́ tèmi náà kí irin tó gbóná. Fúnmi, atẹ́gùn ń fẹ́ lù mí lọ́wọ́, fú, fú, fú, ó ń bá ariwo náà lọ bákan náà. Ó tan iná fóònù rẹ̀ síbẹ̀, ó fi ibi tó dúdú bí ìdí ìkòkò hàn mí. Ó ní nọ́ọ̀tì kan ló já níbẹ̀. Bí irin bá tutù, àlàfo á wà, èéfín á máa já jáde. Bó bá gbóná, irin á wú, á fún àlàfo náà pọ̀. Mo ní, "Ó tán náà nìyẹn, bó bá ti gbóná kò séwu." Ó ní, "Baba, pé ó dákẹ́ kò túmọ̀ sí pé ó ti dí o. Èéfín lè máa yọ́ jáde kó má dún." Ó ní òun ò tíì lè sọ bóyá nọ́ọ̀tì nìkan ni tàbí irin ọ̀hún ti sán, àfi bí òun bá tú u wò.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọkọ rẹ dé láti wá gbé ọkọ̀ àti àwọn ọmọ. Mo ṣàlàyé fún un. Ó tẹ́tí sí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ó wọlé sínú ọkọ̀, ó ṣíná sí i. Ẹ́ńjìnnì ti gbóná nítorí èmi àti Múdà, kò sí ohun tó dún. Ó ní, "Dádì, ẹ gbọ́ nǹkan?" Mo ní rárá. Ó ní, "A ti jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí níwájú ìjọ, sà. Ṣé kí n wá lọ sọ fún wọn pé mo parọ́ ni?" Ó gbé Tómi àti Dára àbúrò rẹ̀ sínú ọkọ̀. Mo ń wò wọ́n títí wọ́n fi yípo ní oríta. Gíláàsì wà lókè, éésì ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, Dára sì ti ń tòògbé kí wọ́n tó jáde ní àdúgbò wa.

Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n lọ ni ohun tó ń já mi láyà gan-an wá sí mi lọ́kàn. Gbogbo ìgbà tí Tómi bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù yẹn, ẹní ló máa ń béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ. Á ní orí ń fọ́ òun. A máa ń sọ pé kò jẹun kó tó jáde ni, tàbí pé eré orí fóònù ló ń wò jù. Bó bá sùn díẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, á dìde, á sì máa sáré kiri. Ní gbogbo àsìkò tó fi wà lọ́dọ̀ wa tí kò wọ ọkọ̀, kò dárúkọ orí. Lálẹ́ Túsìdeè tí ìyá rẹ pè láti mọ̀ bóyá wọ́n délé, Tómi ló gbé fóònù. Mo gbọ́ ọ. Ó ní, "Gránmà, orí tún ń fọ́ mi." Àbúrò rẹ̀ kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé orí ń fọ́ òun. Sísùn ló máa ń sùn. A sì máa ń yin ọkọ̀ náà pé àga rẹ̀ rọ̀, ó ń gbé ọmọ sùn.

Mo bi Múdà bóyá èéfín lè ti ẹ́ńjìnnì wọ inú ọkọ̀. Ó ní bí éésì bá ń fa afẹ́fẹ́ láti iwájú, ibẹ̀ náà lèéfín lè gbà wọlé, kò sì pọn dandan kó rùn. Mi ò sọ pé mo mọ̀ dájú pé òun ló ń ṣe Tómi. Mo lè ṣì í. Ṣùgbọ́n láti Ọmọlé dé Ìlọrin jìnnà, wọ́n á sì sùn nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ó sì máa dúpẹ́ pé wọn ò yọ yín lẹ́nu. Láti àná ni mo ti ń ro èyí.

Nítorí náà, àwọn ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Gbà mí láyè, mo ti dàgbà, mo sì ń bẹ̀rù.

Èkíní, kí ẹ má ṣe fi etí ọ̀sán dá ẹjọ́ ariwo àárọ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyá rẹ níyàwó, mo ní ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ ewé kan. O mọ ìtàn yìí, ẹnu ìyá rẹ lo ti ń gbọ́ ọ, bó ṣe dùn mọ́ ọn ló sì máa ń sọ ọ́. Bàbá ìyá rẹ gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń dún, wọ́n ní kí n wò ó. Ojú tì mí pé àna mi ló ń kọ́ mi ní ọkọ̀ mi. Mo lọ ra ọ́ìlì tó ki bí oyin, mo dà á sí i, ariwo náà lọ. Mo gbé ọkọ̀ náà lọ hàn wọ́n, mo ní kí wọ́n gbọ́ o. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú ni ẹ́ńjìnnì ti gan mọ́ra, tí ìyá rẹ fi oyún rẹ rìn dé ibi tí a ti rí ọkọ̀. Bí mo ṣe pa á lẹ́nu mọ́ ni mo pè ní àtúnṣe. Nítorí ìyẹn, bí mo bá rí Dàpọ̀, inú kì í bí mi sí i. Ara mi ni mo ń rí.

Èkejì, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí. Mo ti lọ bá Wòlíì láàárọ̀ yìí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bàbá Fúnmi, ẹ ò bi mí. Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà pé kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ta ló máa gbọ́ mi?" Wọ́n ní bí Dàpọ̀ bá fẹ́, àwọn á wá dúró tì í nígbà tí Múdà bá ń tú u, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i bí ẹni tó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Sọ èyí fún ọkọ rẹ. Ó lè jẹ́ òun nìkan ló ṣì di ẹ̀rí náà mú gírígírí.

Bó o bá fẹ́ sọ ọ́, má sọ pé "Dádì ní." Orúkọ mi á ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Má sọ ọ́ níwájú àwọn tó ń bá yín di ẹrù. Ṣe ni kí o jí kó tó jí, kí o mú un lọ sídìí ọkọ̀, kí ẹ jọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí òun fúnra rẹ̀ ṣíná sí i nígbà tó tutù. Ibi tó dúdú yẹn wà níbẹ̀, òun náà ní ojú. Jẹ́ kó jẹ́ òun ló máa rí i.

Ìyá Ṣeun ńkọ́? Obìnrin yẹn ò ṣe ju pé ó jókòó sínú ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ náà tutù. O ti ń yẹra fún un láti ìgbà náà, ó sì mọ̀, torí ó bi ìyá rẹ léèrè bóyá òun ṣẹ̀ ọ́. Lọ sílé rẹ̀ kí o tó kúrò l'Ékòó. Kò pọn dandan kí o sọ ohun tí o rò nípa rẹ̀ fún un. Lọ jókòó, jẹun tó bá gbé fún ọ, kí o sì sọ fún un pé kó wá kí yín ní Ìlọrin.

Wàyí o, ní ti ọkọ̀. Ẹ gbé e wá síhìn-ín ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, Tọ́sìdeè, kó sùn nínú ọgbà wa. Múdà á bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Fúráìdeè. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀tì nìkan ni, ó lè parí kó tó di Sátidé. Bí irin bá ti sán, kò ní parí, o sì gbọ́dọ̀ wọlé síṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Kí ìwọ àti àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ èrò ní Bẹ́jà, kò jìnnà sí yín, kí Dàpọ̀ sì gbé jíìpù àti ẹrù wá bá yín nígbà tí wọ́n bá tún un ṣe tán. Kí ẹ tó gbé e wá, má gbé ọmọ sínú rẹ̀ mọ́, kódà dé ilé ìwé. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá gbọ́dọ̀ wà á, kí ó yí gbogbo gíláàsì wálẹ̀, kó gba eruku àti oòrùn. Bí orí Tómi bá sì tún ń fọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ èéfín yìí fún dókítà, ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ oògùn orí fífọ́ nìkan ni wọ́n máa fún un.

Mo mọ̀ pé wàá ní bàbá mi tún ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí o lọ sí yunifásítì mo bẹ̀rù kànga tó wà nítòsí ilé tí ẹ gbà. Nígbà tí o lóyún Tómi mo bẹ̀rù àtẹ̀gùn ilé yín. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, o sì fi mí rẹ́rìn-ín. Inú mi á dùn bí o bá tún fi mí rẹ́rìn-ín lórí èyí. Jẹ́ kó jẹ́ pé Múdà tú u, tí kò rí nǹkan, tí Dàpọ̀ wá fi mí ṣẹ̀sín títí di Kérésìmesì. Mo fara mọ́ ọn.

Ìyá rẹ ló máa mú lẹ́tà yìí wá ní ìrọ̀lẹ́ òní bó bá ń ti ìpàdé àwọn obìnrin ní Òjòdú bọ̀, á sì sùn lọ́dọ̀ yín di ọ̀la. Má jẹ́ kó padà lọ́wọ́ òfìfo. Bí Dàpọ̀ bá gbà, kọ ọ́ pé ó gbà. Bó bá kọ̀, kọ ìyẹn náà láìfi bò fún mi, èmi á sì wà lẹ́nu géètì yín ní ìdájí Sátidé pẹ̀lú àpò mi, kí n bá àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ èrò, èmi láàárín wọn. Ohun yòówù kó jẹ́, kọ̀wé sí mi kíákíá, kó sì dé ọwọ́ mi kí Tọ́sìdeè tó ṣú.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń retí rẹ.